Òkú Tí Wọn Kò Jẹ́ Kí Ó Sùn: Ìtàn Fíìmù Ilẹ̀ Jọ́jíà àti Àwọn Tí Ń Ṣe É

Olórí ìlú kan kú. Varlam Aravidze ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n sin ín tẹ̀yẹ-tẹ̀yẹ. Àwọn èèkàn ìlú pé jọ, wọ́n yìn ín, wọ́n ní irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìyàwó ọmọ rẹ̀ jáde sínú ọgbà ilé, ó sì bá òkú bàbá ọkọ rẹ̀ níbi tí wọ́n fi í ti igi. Wọ́n tún òkú náà sin. Òkú tún padà wálé. Ó di ìgbà tí wọ́n fi ìbọn ṣọ́ ibojì kí wọ́n tó mọ̀ pé obìnrin kan ni ó ń hú u. Wọ́n gbé obìnrin náà lọ sí ilé ẹjọ́, kò sì sẹ́ rárá. Ó ní òun ni òun hú u, òun yóò sì máa hú u lọ, nítorí pé ẹni tí ó pa àwọn òbí òun kò yẹ ní ẹni tí à ń fi iyì sin.

Bí fíìmù Monanieba ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìrònúpìwàdà ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Tengiz Abuladze ni ó darí rẹ̀. Ọdún 1984 ni ó ṣe é, ṣùgbọ́n ó di ọdún 1987 kí àwọn ará Sófíẹ́tì tó láǹfààní láti wò ó ní gbangba. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n sọ ìtàn fíìmù ilẹ̀ Jọ́jíà fún òun, ibi ìsìnkú yìí ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, iṣẹ́ tí àwọn tí ń ṣe fíìmù níbẹ̀ ń ṣe kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti obìnrin yẹn: ìjọba a sin nǹkan, àwọn a sì hú u.

Kí a má baà ṣi ara wa gbọ́, kì í ṣe ìpínlẹ̀ Georgia tí ó wà ní Amẹ́ríkà ni mo ń wí. Jọ́jíà tí mo ń wí jẹ́ orílẹ̀-èdè kékeré tí ó wà láàrin Òkun Dúdú àti àwọn òkè Caucasus. Rọ́ṣíà wà ní àríwá rẹ̀, Tọ́kì sì wà ní gúúsù. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò pé mílíọ̀nù mẹ́rin. Wọ́n ní èdè tiwọn, wọ́n ní álífábẹ́ẹ̀tì tiwọn, wọ́n sì ti gba ẹ̀sìn Krístì láti ọ̀rúndún kẹrin. Tbilisi ni olú-ìlú wọn. Ní ìlú Gori, ní ilẹ̀ yìí kan náà, ni wọ́n bí Stalin sí. Ọmọ ilẹ̀ náà ni Beria pẹ̀lú, ẹni tí ó jẹ́ olórí àwọn ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ fún un. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí pé àwọn ará Jọ́jíà kò lè sọ pé àjèjì nìkan ni ó ni wọ́n lára. Ọmọ bíbí inú wọn wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Fíìmù kò pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní ọdún 1912, Vasil Amashukeli gbé kámẹ́rà tẹ̀lé akéwì àgbà Akaki Tsereteli nínú ìrìn àjò rẹ̀ sí Racha àti Lechkhumi. Ní oṣù kejì ọdún 1921, àwọn ọmọ ogun pupa wọlé, òmìnira ọdún mẹ́ta tí ilẹ̀ náà ní sì dópin. Àwọn Sófíẹ́tì fẹ́ràn sinimá púpọ̀, nítorí pé ẹni tí kò mọ ìwé kà pàápàá lè wò ó. Wọ́n gbé ilé iṣẹ́ fíìmù kalẹ̀ ní Tbilisi, wọ́n pèsè kámẹ́rà, wọ́n ń san owó iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ra oúnjẹ ni ó ń yan ohun tí a óò sè. Kote Mikaberidze ṣe eré apanilẹ́rìn-ín kan ní ọdún 1929 tí ó fi àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń jókòó sun ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé e fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ti Mikaberidze ṣì sàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Nutsa Gogoberidze.

Nutsa ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó darí fíìmù ní Jọ́jíà. Ní ọdún 1930 ó ṣe Buba, fíìmù nípa ìgbésí ayé àwọn ará òkè ní Racha. David Kakabadze, ayàwòrán tí òkìkí rẹ̀ kàn, ni ó bá a ṣe é. Ní ọdún 1934 ó ṣe Uzhmuri, ìtàn àwọn ará abúlé kan àti àbàtà tí ìjọba fẹ́ fa omi rẹ̀ gbẹ. Fíìmù méjèèjì kò pẹ́ lójú ayé. Ní ọdún 1937, nígbà tí pípa ènìyàn kò jẹ́ nǹkan kan lójú Stalin mọ́, wọ́n yìnbọn pa Levan Gogoberidze, ọkọ Nutsa, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ èèkàn nínú ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì. Wọ́n kó Nutsa lọ sí ọgbà ẹlẹ́wọ̀n ní ìdálẹ̀, ó sì lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀. Lana, ọmọbìnrin rẹ̀, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí wọ́n mú un lọ. Nígbà tí ìyá padà dé, ọmọ ti dàgbà, àwọn méjèèjì sì ní láti tún ara wọn mọ̀. Nutsa kò tún darí fíìmù mọ́ títí ó fi kú ní ọdún 1966. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìtàn sinimá mọ́. Ẹni tí ó bá béèrè Buba, wọn a ní kò sí.

Ọmọ náà di olùdarí fíìmù. Ní ọdún 1978, Lana Gogoberidze ṣe fíìmù kan nípa obìnrin oníròyìn tí iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fi ọ̀rọ̀ wá àwọn obìnrin mìíràn lẹ́nu wò nípa ìgbésí ayé wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni ilé tirẹ̀ ń tú lọ lẹ́yìn rẹ̀. Láàrin fíìmù náà, láìpariwo, ó fi ìrántí kan há a: ìyá kan ń bọ̀ láti ìgbèkùn, ọmọ ń wò ó. Ní àkókò yẹn, kò sí ẹni tí ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú kámẹ́rà ní ilẹ̀ Sófíẹ́tì. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn mọ ohun tí wọ́n ń wò. Lẹ́yìn ọdún 2010 ni wọ́n tó rí Buba níbi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí ní Rọ́ṣíà. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n rí Uzhmuri pẹ̀lú. Ní ọdún 2023, nígbà tí Lana ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, ó gbé fíìmù tuntun jáde nípa ara rẹ̀ àti ìyá rẹ̀, ó sì fi àwòrán láti inú àwọn fíìmù ìyá rẹ̀ sí i. Salome Alexi, ọmọ Lana, ń darí fíìmù pẹ̀lú. Fíìmù rẹ̀ ti ọdún 2014 dá lórí obìnrin kan ní Tbilisi tí gbèsè ń gbé mì díẹ̀díẹ̀. Ìran mẹ́ta nìyẹn, ìyá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ, lẹ́nu iṣẹ́ kan ṣoṣo. N kò mọ ìdílé mìíràn láyé tí mo lè fi wé e.

Lẹ́yìn ikú Stalin ni afẹ́fẹ́ díẹ̀ wọlé. Ní ọdún 1958, Mikhail Kalatozov, ọmọ Tbilisi tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Mọ́sìkò, gba ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ ní Cannes. Ọdún méjì ṣáájú rẹ̀, Abuladze àti Rezo Chkheidze ti gba ẹ̀bùn níbẹ̀ fún fíìmù kúkurú nípa opó kan àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ará ilẹ̀ mìíràn ti ń sọ pé fíìmù Jọ́jíà ní adùn tirẹ̀: ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀, ọtí wáìnì, orin ọlọ́hùn-ún púpọ̀, àti àwọn ènìyàn tí kò yára. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n adùn yìí a máa bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ nígbà mìíràn.

Ẹ wo Otar Iosseliani. Ní ọdún 1961 ó ṣe fíìmù kan tí ó pè ní Aprili, oṣù kẹrin. Tọkọtaya kan fẹ́ràn ara wọn nínú ilé tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Àga dé, tábìlì dé, ìjà sì dé tẹ̀lé wọn. Kí ni ó burú nínú èyí? Wọ́n ní kò gbọdọ̀ jáde. Ní ọdún 1966 ó ṣe Giorgobistve, ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ilé iṣẹ́ ọtí wáìnì tí ó kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n rọ ọtí tí kò tíì dáa sínú ìgò nítorí kí iye tí ìjọba ní kí wọ́n ṣe lè pé. Kò sọ̀rọ̀ òṣèlú rárá. Ó kàn ní ọtí náà kò tíì tó mu. Nígbà tí ó yá, ó ṣí lọ sí Faransé, ibẹ̀ ni ó sì ti ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn fíìmù tí ó ṣe lẹ́yìn náà, títí ó fi kú ní oṣù kejìlá ọdún 2023.

Báwo wá ni Abuladze ṣe rí fíìmù olókùú yẹn ṣe lójú àwọn Sófíẹ́tì? Èyí ni ibi tí ìtàn náà ti dùn jù. Eduard Shevardnadze ni olórí ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ní Jọ́jíà nígbà náà. Ó ka ìwé eré náà, ó sì mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá gbé e lọ sí Mọ́sìkò fún àṣẹ, ibẹ̀ ni yóò kú sí. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣàn Jọ́jíà ní wákàtí díẹ̀ tirẹ̀ tí ó lè fi gbé ètò jáde láìjẹ́ pé Mọ́sìkò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ṣe fíìmù náà bí ètò tẹlifíṣàn. Ìwé àṣẹ pé, ẹnikẹ́ni kò sì rí i títí ó fi parí.

Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ lọ́wọ́ ni àjálù dé. Gega Kobakhidze, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń ṣe ọmọ-ọmọ Varlam nínú eré náà, dara pọ̀ mọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ já ọkọ̀ òfurufú gbà ní oṣù kọkànlá ọdún 1983 kí wọ́n lè sá kúrò ní Sófíẹ́tì. Ẹ̀mí ṣòfò. Wọ́n mú un, wọ́n sì dájọ́ ikú fún un. Abuladze ní láti wá òṣèré mìíràn, Merab Ninidze, kí ó sì tún ipa náà yà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú eré, ọmọ-ọmọ yìí ni ẹni tí kò lè gba irọ́ ìdílé rẹ̀ mọ́ra, tí ó sì gbẹ̀mí ara rẹ̀. N kò ní sọ̀rọ̀ jù lórí èyí.

Ohun tí ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa sunkún nínú ilé sinimá ní ọdún 1987 kì í ṣe òkú Varlam, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi irun imú wọ Hitler, ó sì fi awò ojú wọ Beria. Ó jẹ́ ibì kan tí kò gùn. Ọkọ̀ ojú irin kó igi gẹdú dé láti ibi tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti ń gé igi. Àwọn obìnrin sáré lọ síbẹ̀, nítorí wọ́n gbọ́ pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan máa ń fi ọ̀bẹ kọ orúkọ wọn sí ojú igi. Wọ́n ń wá orúkọ ọkọ wọn láàrin ẹrẹ̀. Ẹnì kan rí i, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé igi náà, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Ìyá àti ọmọ tí ìtàn jẹ́ tiwọn kò rí nǹkan kan. Fíìmù yìí gba ẹ̀bùn ńlá àwọn adájọ́ ní Cannes ní ọdún náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni Aravidze tí wọ́n fi ṣe orúkọ olórí ìlú náà: láti inú ọ̀rọ̀ èdè Jọ́jíà tí ó túmọ̀ sí "kò sí ẹnì kan" ni wọ́n ti mú un. Kò sí ẹni tí orúkọ náà ń bá wí, gbogbo wọn sì ni ó ń bá wí.

Ìjọba Sófíẹ́tì wó. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin ọdún 1991 ni Jọ́jíà kéde òmìnira. Kí ọdún tó parí, wọ́n ti ń fi ìbọn ńlá bá ara wọn jà ní àárín Tbilisi. Ogun Abkhazia tẹ̀lé e ní ọdún 1992 sí 1993, lé ní 200,000 ènìyàn sì sá kúrò nílé wọn. Kò sí iná, kò sí ooru ní ìgbà òtútù, búrẹ́dì pàápàá di ohun tí à ń tò fún láti ìdájí. Owó Mọ́sìkò tí ń bọ́ ilé iṣẹ́ fíìmù ti dáwọ́ dúró, kò sì sí òmíràn tí ó rọ́pò rẹ̀. Èyí tí ó burú jù nínú rẹ̀ ni pé àwọn ojúlówó ẹ̀dà fíìmù tí wọ́n ti ṣe láti ayébáyé wà nínú ilé ìfipamọ́ ìjọba Rọ́ṣíà lẹ́bàá Mọ́sìkò. Orílẹ̀-èdè di òmìnira, ìrántí rẹ̀ sì ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀gá àná.

Ní ọdún 2001 ni wọ́n dá Àjọ Fíìmù Orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ìlànà rẹ̀ yàtọ̀: ìwé eré ni wọ́n ń fi du owó náà, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ni ó ń yẹ ìwé wò, àjọ náà a sì lè bá àwọn ará Jámánì tàbí Faransé da owó pọ̀. Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ kí èso rẹ̀ tó hàn dáadáa. Àwọn kan ń pè é ní iṣẹ́ ìyanu. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí ni àwọn ọmọ tí ó wà ní kékeré ní ìgbà búrẹ́dì tí kò sí, tí wọ́n dàgbà, tí wọ́n sì bá àjọ kan pàdé tí kò béèrè lọ́wọ́ wọn pé ta ni kí wọ́n yìn.

Nana Ekvtimishvili jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní ọdún 2013, òun àti Simon Groß, ará Jámánì, ṣe fíìmù tí orúkọ rẹ̀ ní èdè Jọ́jíà túmọ̀ sí ọjọ́ gígùn tí ó mọ́lẹ̀. Ọdún 1992 ni ìtàn náà, ní Tbilisi. Eka àti Natia jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ọmọkùnrin kan tí ó fẹ́ràn Natia fún un ní ẹ̀bùn: ìbọn kékeré kan. Lọ́jọ́ kan, níbi tí gbogbo ìlú ti tò fún búrẹ́dì, àwọn ọmọkùnrin mìíràn gbé Natia sínú ọkọ̀, wọ́n gbé e sá lọ láti fi ṣe aya. Àwọn àgbàlagbà wà níbẹ̀, wọ́n rí i, ẹnikẹ́ni kò kúrò lórí ìlà. Eka nìkan ni ó pariwo lé wọn lórí, wọ́n sì gbá a létí. Nígbà ìgbéyàwó tí ó tẹ̀lé e, Eka dìde, ó sì jó ijó kan tí ó jẹ́ ti ọkùnrin, ojú rẹ̀ le koko. Mo ti wo ijó yẹn léraléra. Títí di òní n kò lè sọ bóyá inú rere ni ó fi jó o, tàbí ìbínú.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, àwọn méjèèjì tún gbé òmíràn jáde. Manana, olùkọ́ tí ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀, àna rẹ̀ àti àwọn òbí rẹ̀ nínú ilé kan. Lọ́jọ́ kan ó di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń lọ gbé yàrá òun nìkan. Ọkọ kò nà án. Ebi kò pa á. Gbogbo ẹbí pé ìpàdé lé e lórí, wọ́n ní kí ó sọ ohun tí ó dé, kò sì sọ. Òǹkàwé tí ó bá ti jókòó nínú ìpàdé ẹbí rí yóò mọ̀ pé ẹni tí kò sọ ìdí rẹ̀ ni ó ń bí àwọn àgbà nínú jù lọ.

Kì í ṣe àwọn nìkan. Ana Urushadze gba ẹ̀bùn fíìmù àkọ́ṣe tí ó dára jù ní Locarno ní ọdún 2017, pẹ̀lú ìtàn ìyá ilé kan tí ó ń kọ ìwé tí ó dẹ́rù ba ẹbí rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Zaza Urushadze, ni ó ṣe fíìmù ọlọ́sàn tanjarín nípa ogun Abkhazia: arúgbó kan gba ọmọ ogun méjì tí ó jẹ́ ọ̀tá ara wọn sínú ilé, ó sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ẹnikẹ́ni lábẹ́ òrùlé òun. Estonia ni ó gbé e lọ du Oscar, nítorí pé owó ilẹ̀ náà wà nínú rẹ̀. George Ovashvili náà ṣe ti erékùṣù àgbàdo lórí odò Enguri, níbi tí ààlà ogun ti kọjá, tí bàbá àgbà àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin gbin àgbàdo sí orí ilẹ̀ tí odò yóò gbà padà. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Fíìmù náà gba ẹ̀bùn ńlá ní Karlovy Vary ní ọdún 2014. Levan Koguashvili sì mú Levan Tediashvili, ẹni tí ó gba wúrà ìjàkadì ní Olympics 1972 àti 1976, ó fi í ṣe bàbá arúgbó kan tí ó lọ san gbèsè tẹ́tẹ́ ọmọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Gbogbo èyí kò dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú ní ilé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, Levan Akin, ọmọ Swídìn tí ẹbí rẹ̀ ti Jọ́jíà wá, gbé fíìmù rẹ̀ wá sí Tbilisi, ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin oníjó ìbílẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ fà sí ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn alátakò, àwọn kan pẹ̀lú àgbélébùú lọ́wọ́, dí ẹnu ọ̀nà ilé sinimá. Ọlọ́pàá ni ó ń là wọ́n kí àwọn tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì tó wọlé. Tíkẹ́ẹ̀tì sì ti tán kí ọjọ́ náà tó pé.

Dea Kulumbegashvili dé ní ọdún 2020 pẹ̀lú Dasatskisi, Ìbẹ̀rẹ̀. Kámẹ́rà dúró sójú kan nínú ilé ìjọsìn Ẹlẹ́rìí Jèhófà kékeré kan. Àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń jókòó, ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Lójijì, ẹnì kan ju iná wọlé. Kámẹ́rà kò mì. Fíìmù yìí gba ẹ̀bùn mẹ́rin ní San Sebastián, títí kan èyí tí ó ga jù. Ní ọdún 2024 ó tún gba ẹ̀bùn pàtàkì àwọn adájọ́ ní Venice, fún ìtàn dókítà agbẹ̀bí kan tí ó ń lọ bá àwọn obìnrin abúlé ṣẹ́ oyún ní ìkọ̀kọ̀. Orúkọ fíìmù náà ni Aprili. Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni ó wà láàrin Aprili ti Iosseliani àti tirẹ̀.

Nísinsìnyí mo fẹ́ dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Bidzina Ivanishvili ni ọlọ́rọ̀ jù lọ ní Jọ́jíà. Rọ́ṣíà ni ó ti rí owó rẹ̀, òun ni ó dá ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe ìjọba láti ọdún 2012 sílẹ̀, ó sì ti jẹ olórí ìjọba fún bí ọdún kan. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn igi. Ó ń ra àwọn igi àtayébáyé lọ́wọ́ àwọn ará abúlé, àwọn mìíràn ga bí ilé alájà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì ń hú wọn tigbòǹgbò-tigbòǹgbò lọ sí ọgbà rẹ̀ ní Shekvetili létí òkun. Salomé Jashi, ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ oníròyìn rí, gbé kámẹ́rà tẹ̀lé àwọn igi náà, ó sì parí fíìmù rẹ̀ ní ọdún 2021. Kò bu ẹnikẹ́ni. Ivanishvili kò yọjú nínú rẹ̀ rárá. A rí ìyá arúgbó kan tí ń sunkún bí igi ṣe ń lọ, a gbọ́ àwọn ọkùnrin tí ń ka iye tí wọ́n san fún wọn, a sì rí igi ńlá kan ní ìnàró lórí ọkọ̀ ojú omi, tí ó ń rìn lọ lórí Òkun Dúdú. Ẹni tí ó bá rí àwòrán yẹn lẹ́ẹ̀kan kò tún nílò àlàyé nípa ohun tí agbára jẹ́.

Mínísítà àṣà bu ẹnu àtẹ́ lu fíìmù náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, wọ́n fagi lé wíwò rẹ̀ ní Tbilisi. Ní oṣù kẹta ọdún náà, wọ́n yọ Gaga Chkheidze, olórí Àjọ Fíìmù, kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn olùdarí fíìmù fi ẹ̀hónú hàn, wọn kò rí ẹni gbọ́ wọn. Nígbà tí ó yá, ọ̀pọ̀ nínú wọn fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò ní bá àjọ náà ṣe mọ́. Àjọ tí ó wò wọ́n dàgbà ni wọ́n kẹ̀yìn sí yìí, kì í sì í ṣe ìpinnu tí ó rọrùn fún ẹni tí kò ní ibòmíràn tí yóò ti rí owó nílé. Ọdún 2024 mú òfin méjì wá: èyí tí ó ní kí àwọn ẹgbẹ́ tí ń gba owó láti òkè òkun forúkọ sílẹ̀ bí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ fún àjèjì, àti èyí tí wọ́n pè ní òfin ìdílé, tí ó ka irú ìtàn tí Akin sọ léèwọ̀ nínú fíìmù àti lórí tẹlifíṣàn. Àwọn ará ìlú tú síta fún ọ̀pọ̀ òru. Àwọn òṣèré àti olùdarí fíìmù wà láàrin wọn.

Àwọn alátìlẹ́yìn ìjọba ní èsì kan, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Wọ́n ní àwọn fíìmù wọ̀nyí ń ta ìbànújẹ́ ilẹ̀ wọn fún àwọn òyìnbó tí ń pín ẹ̀bùn, àti pé àwọn ará ilé kò wò wọ́n. Apá kejì ní òtítọ́ nínú: ọ̀pọ̀ nínú àwọn fíìmù wọ̀nyí ni wọ́n wò ní Berlin ju bí wọ́n ṣe wò ó ní Kutaisi lọ. Ṣùgbọ́n ìjọba kan náà ní ètò kan láti ọdún 2016 tí ó ń dá apá kan owó padà fún àwọn àjèjì tí ó bá wá ya fíìmù níbẹ̀. Ní ọdún 2019, wọ́n dí àwọn òpópónà Tbilisi kí àwọn ará Hollywood lè fi mọ́tò sá eré fún Fast & Furious. Ẹnikẹ́ni kò pe ìyẹn ní iṣẹ́ àjèjì.

Síbẹ̀ fíìmù kò dáwọ́ dúró. Tato Kotetishvili gba ẹ̀bùn ní Locarno ní ọdún 2024 pẹ̀lú ìtàn àwọn méjì tí ń ṣa irin àlòkù kiri ní Tbilisi, tí wọ́n rí àpótí kan tí ó kún fún àgbélébùú onípáta, tí wọ́n sì so iná aláwọ̀ mọ́ wọn lára, tí wọ́n ń tà á láti ilé dé ilé. Alexandre Koberidze sì padà sí fóònù Sony Ericsson àtijọ́ tí ó ti fi ya fíìmù gígùn rẹ̀ àkọ́kọ́, ó tún fi ya òmíràn, Ewé Gbígbẹ, tí ó jáde ní ọdún 2025. Ó lé ní wákàtí mẹ́ta. Bàbá rẹ̀ gan-an ni olórí òṣèré. Bàbá náà ń wá ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó fi ìwé sílẹ̀ tí ó sì lọ, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíya àwòrán pápá bọ́ọ̀lù ní àwọn abúlé. Ọ̀rẹ́ kan bá a lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ náà kò ṣeé rí: ohùn rẹ̀ nìkan ni à ń gbọ́. Àwòrán náà ṣú, ó ń wárìrì, ewé àti ẹran àti ènìyàn dà bí ohun tí a rí nínú ìkùukùu. Wọ́n dé abúlé kan, wọ́n béèrè pápá. Wọ́n ní kò sí mọ́. Wọ́n dé òmíràn, òpó méjì ni ó kù nínú koríko. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó dúró wò ó díẹ̀, ó padà sínú mọ́tò, ó sì béèrè ọ̀nà abúlé tí ó kàn.